Ọ̀sà Èkó ti dọ̀tí: ta ni yóò sanwó omi tó bàjẹ́?

Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lọ sí ọjà ẹja Asejere ní Makoko. Ìsọmọlórúkọ wà nílẹ̀, ẹja tútù la fẹ́ rà. Ẹni tí kò bá dé ibẹ̀ rí, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé: ọjà náà kò jìnnà sí omi rárá. Ọ̀sà tẹ́ lọ rẹrẹ lẹ́yìn rẹ̀, afárá Third Mainland sì wà lórí omi lọ́ọ̀ọ́kán. Mo rò ó lọ́kàn ara mi pé níbi tí omi pọ̀ tó báyìí, èpìyà àti òbòkun la máa fi kún apẹ̀rẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé ibẹ̀, páálí ẹja oníyìnyín ni wọ́n ń já sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Títù, pánla, ṣáwá. Ẹja tó wọ ọkọ̀ òkun wá láti ìlú òyìnbó.

"Màmá, ẹja ọ̀sà ńkọ́?" Ẹ̀gbọ́n mi ló bi ìyá tó ń tajà bẹ́ẹ̀.

Màmá rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹja ọ̀sà wà o, ẹ̀yin lẹ kò tètè jí. Èyí tí wọ́n rí pa lálẹ́ àná kò kún igbá, wọ́n ti rà á tán kí ilẹ̀ tó mọ́. Owó rẹ̀ náà kì í ṣe kékeré."

Títù la rà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Àwọn àgbà ní omi ló tán lẹ́yìn ẹja tí ẹja fi dèrò ìṣáasùn. Ti Èkó yìí yàtọ̀. Omi kò tán, omi wà rẹpẹtẹ, ẹja ló ń tán nínú omi.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ irú omi tí à ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ọ̀sà Èkó kì í ṣe òkun, kì í sì í ṣe odò. Àárín méjèèjì ló wà. Odò Ògùn àtàwọn odò mìíràn ń tú omi dídùn sínú rẹ̀ láti òkè, òkun sì ń ti omi iyọ̀ wọlé láti ẹnu ọ̀nà èbúté. Nígbà òjò, omi dídùn a borí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, iyọ̀ a padà wá. Àwọn ẹja tó mọ ibẹ̀ nílé ti mọ bí wọ́n ṣe ń bá àyípadà yìí lò láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Omi náà kò jìn pẹ̀lú: yàtọ̀ sí ibi tí wọ́n gbẹ́ fún ọkọ̀ òkun, ọ̀pọ̀ ibẹ̀ kò ju mítà mẹ́ta lọ. Èyí ló jẹ́ kó dára fún ẹja kéékèèké, torí oòrùn ń dé ìsàlẹ̀. Èyí náà ló sì jẹ́ kó tètè bàjẹ́. Omi tí kò jìn, tó gbóná, afẹ́fẹ́ ọ́síjìn inú rẹ̀ kì í pọ̀. Ẹ bá da ìdọ̀tí lé e lórí, àwọn kòkòrò tíntìntín tó ń jẹ ìdọ̀tí náà á lo ọ́síjìn yẹn tán, ẹja á sì máa wá èémí.

Ohun tó ń wọ inú rẹ̀ kò ní òǹkà. Ní Okobaba, ní Èbúté Mẹ́ta, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń fi omi wọ́ igi gẹdú wá, tí wọ́n ń là á sí pákó létí ọ̀sà, tí ìyẹ̀fun igi tí ayùn ń dà sílẹ̀ sì ń rọ́ sínú omi. Èyí tí kò bọ́ sómi, wọ́n ń dáná sun ún. Gbogbo ẹni tó ń gba orí afárá Third Mainland láti ọdún 1990 tí wọ́n ti ṣí i ló mọ èéfín yẹn. Ní Ìdó, ẹ̀bá omi ni àwọn ọkọ̀ tó ń fa ṣáláńgá ti ń tú ẹrù wọn, àwọn olùkọ́ yunifásítì sì ti kọ ìwádìí nípa rẹ̀ títí ó fi sú wọn. Láti agbègbè ilé iṣẹ́ ní Ìkẹjà, omi ìdọ̀tí ń gba inú odò Ìyá Aláró bọ̀ wá sínú ọ̀sà. Ìyá Aláró! Ó dà bí ẹni pé wọ́n mọ̀ kí wọ́n tó sọ odò náà lórúkọ. Láfikún sí i, àwọn tó ń fa yanrìn ń gbẹ́ ìsàlẹ̀ omi, àwọn tó ń kọ́ ilé ọlọ́lá sì ń fi yanrìn kan náà dí etí omi, wọ́n ń gé igi ẹ̀gbà tí ọmọ ẹja máa ń sá pamọ́ sí lábẹ́ gbòǹgbò rẹ̀.

Èpìyà tó wọ́pọ̀ jù nínú ọ̀sà wa yìí, akọ rẹ̀ ló máa ń gbé ẹyin sẹ́nu títí ẹyin náà yóò fi pa. Bàbá ọmọ á ya ẹnu, kò ní jẹun dáadáa, kí ọmọ má baà kú. Létí omi níbi tí kò jìn ni takọtabo ti máa ń pàdé kí wọ́n tó yé ẹyin. Létí omi yẹn gan-an la ń da pàǹtírí sí, òun náà la ń fi yanrìn dí.

Ìjọba kò kúkú káwọ́ gbera, ẹ má ṣe jẹ́ ká purọ́ mọ́ wọn. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti kọ́ ibùdó tuntun sí Agbowa fún àwọn onípákó, wọ́n ní kí wọ́n kó kúrò ní Okobaba. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, wọ́n kéde pé àwo fóòmù tí wọ́n ń bu oúnjẹ sí di èèwọ̀ ní Èkó. Ní oṣù keje ọdún 2025, wọ́n mú àwọn ike àti ọ̀rá tí à ń lò lẹ́ẹ̀kan dànù mọ́ ọn. Koríko orí omi tí òyìnbó ń pè ní water hyacinth, èyí tó kọ́kọ́ yọjú sí wa ní ìhà Àgbádárìgì ní ọdún 1984, wọ́n ń rán ẹ̀rọ àti òṣìṣẹ́ lọ máa kó o. Iṣẹ́ Omi Èkó náà tún dé, pẹ̀lú ọkọ̀ ojú omi tó ń lo iná mànàmáná.

Mo yìn wọ́n fún gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa. Ojú omi ni gbogbo iṣẹ́ yìí wà. Koríko, ike, ọkọ̀: ohun tí kámẹ́rà lè rí láti orí afárá ni. Ìdọ̀tí tó wà nísàlẹ̀ kò ṣe é yà ní fọ́tò, ìgbọ̀nsẹ̀ tó ń wọlé lóru kò ṣe é gé ríbọ́nù lé lórí. Koríko yẹn gan-an, ìgbọ̀nsẹ̀ àti omi ìdọ̀tí wà lára ohun tó ń bọ́ ọ. Àwa là ń fún un lóúnjẹ, àwa kan náà là ń sanwó fún ẹni tó ń kó o. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, iyọ̀ òkun á pa á, a óò ní ìjọba ṣiṣẹ́. Òjò á tún rọ̀, á tún hù.

Ti Okobaba náà, kíkó ayùn kúrò kò kó ìyẹ̀fun igi tó ti jókòó sísàlẹ̀ omi láti ayébáyé kúrò. Agbowa tí wọ́n ń kó wọn lọ pàápàá, etí omi ló wà. Bí kò bá sí ètò gidi fún ìyẹ̀fun igi níbẹ̀, a kàn gbé àìsàn Èbúté Mẹ́ta lọ fún àwọn ará ìhà Ẹ̀pẹ́ ni.

Òfin ni mo kọ́, ìdí nìyẹn tí ìbéèrè mi kì í fi í ṣe ti ẹ̀rọ. Ìbéèrè mi ni pé: ta ló ni ojúṣe náà? Bí ọ̀sà bá ṣì wà báyìí ní ọdún 2040, ta la máa pè síwájú adájọ́?

Ẹ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ìjọba Èkó àti ìjọba àpapọ̀ fi wọ́ ara wọn nílẹ̀ ní kóòtù lórí ta ló ń pàṣẹ lójú omi. Ní ọdún 2017, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ṣe ìdájọ́ tó gbe Èkó. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ yí i padà: ó ní NIWA, àjọ ìjọba àpapọ̀, ló ni àṣẹ lórí ọ̀nà omi inú ilẹ̀. Ìjà yẹn le, àwọn lọ́yà ńláńlá ló jà á. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n ń jà lé lórí? Ta ni yóò fún ọkọ̀ ní láíséńsì, ta ni yóò gba owó lọ́wọ́ àwọn tó ń wa yanrìn. Kò sí ẹnì kankan nínú wọn tó lọ sí kóòtù láti bá ẹlòmíràn du ta ni yóò kó ìgbọ̀nsẹ̀ kúrò nínú omi. Owó tó ń wọlé ní bàbá púpọ̀, ìdọ̀tí kò ní bàbá.

Lónìí, NIWA wà, NESREA wà fún ìdọ̀tí ilé iṣẹ́, LASEPA wà fún ti ìpínlẹ̀, LAWMA ń kó pàǹtírí, ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fún ọ̀rọ̀ omi òkun tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2023 wà, ẹja sì ti bọ́ sábẹ́ rẹ̀. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà. Ẹ bi èyíkéyìí nínú wọn pé èwo ló máa dáhùn bí èpìyà kò bá padà wá, ẹ óò rí i bí wọ́n ṣe máa na ìka síra wọn.

Òfin wa náà ní àléébù tirẹ̀. Abala 20 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè sọ pé kí ìjọba dáàbò bo omi, afẹ́fẹ́, ilẹ̀, igbó àti ẹranko. Ó dùn-ún kà. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí abala 6, ẹ wá ìlà tí wọ́n kọ (6)(c) sí, ẹ óò rí i pé wọ́n ti fi kọ́kọ́rọ́ ti ilẹ̀kùn: kóòtù kò gbọdọ̀ gbọ́ ẹjọ́ lórí ìlérí yẹn ní tààrà. Òfin NESREA, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ní 2007, ní ilé iṣẹ́ tó bá tú nǹkan olóró sínú omi lè san owó ìtanràn tí kò ju 1,000,000 náírà lọ, pẹ̀lú 50,000 náírà fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí ẹ̀ṣẹ̀ náà bá ń bá a lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ilé iṣẹ́, ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín: èwo ló wọ́n jù, kí ẹ ra ẹ̀rọ tó ń fọ omi ìdọ̀tí mọ́, kí ẹ ra dísù tí yóò máa wà á lọ́sàn-án lóru, àbí kí ẹ san owó ìtanràn bí wọ́n bá mú yín?

Bí mo bá ń sọ báyìí láàárín ọ̀rẹ́, ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń dá padà fún mi ni pé kò ṣe é ṣe, omi tó ti bàjẹ́ ti bàjẹ́, owó kò sì sí. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ mú yín rin ìrìnàjò kékeré kan lọ sí Amẹ́ríkà, sí adágún kan tí mo kọ́kọ́ kà nípa rẹ̀ nígbà tí mo wà nílé ìwé. Orúkọ rẹ̀ ni Onondaga. Ẹ̀gbẹ́ ìlú Syracuse ló wà, ní ìpínlẹ̀ New York. Kò tóbi: kò gùn ju máìlì márùn-ún lọ, fífẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ bíi máìlì kan. Àwọn onílẹ̀ gan-an, ẹ̀yà Onondaga, ka omi náà sí mímọ́ bí àwa ṣe ka odò Ọ̀ṣun sí. Ìtàn wọn sọ pé etí omi yìí ni ẹ̀yà márùn-ún ti pa ìjà tì, tí wọ́n di ìmùlẹ̀.

Láti àwọn ọdún 1880 ni ilé iṣẹ́ ti dé sí etí rẹ̀, wọ́n ń fi iyọ̀ àti òkúta ẹfun ṣe èròjà tí wọ́n fi ń ṣe gíláàsì àti ọṣẹ. Pàǹtírí rẹ̀ ni wọ́n ń kó jọ sí etí omi bí òkè. Ní 1901, wọ́n fòfin de gígé yìnyín lórí adágún náà fún títà, torí ó ti dọ̀tí. Ní 1940, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má wẹ̀ níbẹ̀ mọ́. Láàárín 1946 sí 1970, ilé iṣẹ́ Allied Chemical da mẹ́kúrì sínú rẹ̀, irin olómi yẹn tó máa ń wà nínú ẹ̀rọ tí dókítà fi ń wo ìgbóná ara láyé àtijọ́. Wọ́n fojú bù ú sí pọ́n-ùn 165,000, ìyẹn lé ní kìló 70,000. Ní 1970, wọ́n ti adágún náà pa fún ẹni tó ń pẹja. Ìlú náà sì ń tú ìgbọ̀nsẹ̀ tirẹ̀ sí i láti ìhà kejì. Àwọn èèyàn ń pè é ní ọ̀kan lára adágún tó dọ̀tí jù ní gbogbo Amẹ́ríkà.

Ẹ wá wo ohun tó yí i padà. Kì í ṣe àánú. Ẹjọ́ ni.

Ní 1988, ẹgbẹ́ àwọn aráàlú kan, Atlantic States Legal Foundation, pe ìjọba ìbílẹ̀ wọn lẹ́jọ́ lórí ìgbọ̀nsẹ̀. Òfin omi tí Amẹ́ríkà ṣe ní 1972 ló fún wọn láyè: ó ní aráàlú lè dìde pe ẹni tó ń ba omi jẹ́ lẹ́jọ́ bí ìjọba bá dákẹ́, ì báà jẹ́ pé ìjọba gan-an ló jẹ̀bi. Ìpínlẹ̀ New York dara pọ̀ mọ́ ẹjọ́ náà. Ní 1998, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn kan níwájú adájọ́, tó ní ọjọ́ àti òǹkà nínú: títí ọjọ́ báyìí, èròjà báyìí nínú omi tí ẹ ń tú jáde kò gbọdọ̀ ju báyìí lọ. Ìjọba ìbílẹ̀ kùn, owó wọ́n, wọ́n ní aráàlú ló máa san án. Òótọ́ ni, aráàlú ló san án, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ìpínlẹ̀ àti ìjọba àpapọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n tún ilé ìfọmi ṣe. Nígbà tó fi máa di bíi ọdún 2005, àwọn ẹ̀rọ tuntun ti ń ṣiṣẹ́, omi náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́ lójú.

Ní ti mẹ́kúrì, ìpínlẹ̀ New York pe Allied lẹ́jọ́ ní 1989. Ní 1994, ìjọba àpapọ̀ kọ adágún náà sínú àkọsílẹ̀ àwọn ibi tó léwu jù lórílẹ̀-èdè wọn. Ilé iṣẹ́ náà yí orúkọ padà, ó di ara Honeywell ní 1999, ṣùgbọ́n gbèsè kò yí orúkọ padà. Ní 2005, ìjọba kéde ètò ìtúnṣe, wọ́n ṣírò rẹ̀ sí mílíọ̀nù 451 dọ́là. Ní 2007, ilé ẹjọ́ lu òǹtẹ̀ lé àdéhùn tí Honeywell fọwọ́ sí pé òun ni yóò sanwó. Láàárín 2012 sí 2014, wọ́n fa ẹrẹ̀ olóró jáde nínú adágún náà, nǹkan bíi mílíọ̀nù 2.2 kúbíìkì yáàdì. Bí ẹ bá fẹ́ fi típà Èkó kó ẹrẹ̀ yẹn, ẹ óò nílò ju típà 100,000 lọ. Páìpù ni wọ́n fi fà á lọ sí ìlú kejì, wọ́n rọ ọ́ sínú àpò ńláńlá; àwọn ará ibẹ̀ sì pariwo pé òórùn ń pa wọ́n. Èyí tí wọn kò lè kó, wọ́n fi yanrìn àti òkúta bò ó mọ́lẹ̀, wọ́n parí ìyẹn ní 2016. Wọ́n gbin ewéko etí omi, wọ́n to igi àti òkúta sísàlẹ̀ kí ẹja lè rí ibi sá sí.

Ohun kan wà níbẹ̀ tó wú mi lórí ju gbogbo owó yẹn lọ. Nísàlẹ̀ adágún náà lọ́hùn-ún, tí ọ́síjìn bá ti tán nígbà ooru, àwọn kòkòrò tíntìntín kan máa ń sọ mẹ́kúrì di irú èyí tó ń wọ inú ẹran ara ẹja. Àwọn onímọ̀ wá rí i pé bí èròjà náítíréètì bá wà nísàlẹ̀ yẹn, àwọn kòkòrò náà kì í lè ṣe iṣẹ́ burúkú yẹn dáadáa. Láti 2011, ọkọ̀ pẹlẹbẹ kan ti ń lọ sójú omi nígbà ooru, ó ń rọra fa náítíréètì sísàlẹ̀. Ẹ ò rí i? Náítíréètì tó jẹ́ ìdọ̀tí níbòmíràn ló di oògùn níbẹ̀. Ẹni tó bá wọn omi dáadáa nìkan ló lè mọ irú èyí. Àwa kò tíì ní òǹkà ọ́síjìn ọ̀sà wa tí aráàlú lè ṣí wò lórí fóònù rẹ̀ lóṣooṣù.

Lónìí, irú ẹja tó lé ní 60 ni wọ́n ti rí nínú adágún Onondaga. Nígbà òtútù, àwọn ẹyẹ idì ń kó ara wọn jọ síbẹ̀ láti pẹja. Ẹ mọ ibi tí wọ́n fẹ́ràn jù? Ẹnu ibi tí omi ilé ìfọgbọ̀nsẹ̀ ti ń jáde, torí omi ibẹ̀ lọ́wọ́ọ́wọ́, kì í di yìnyín.

Mi ò ní sọ fún yín pé gbogbo rẹ̀ parí sí ayọ̀. Ìjọba ibẹ̀ ṣì ń kìlọ̀ iye ẹja adágún náà tí èèyàn lè jẹ. Àwọn Onondaga fúnra wọn kò fara mọ́ ètò náà: wọ́n ní ẹ kò fọ omi mọ́, ẹ kàn da aṣọ bo ìdọ̀tí ni. Ilé ẹjọ́ lé ẹjọ́ ilẹ̀ tí wọ́n pè ní 2005 dànù. Ṣùgbọ́n nínú ìtanràn ìbàjẹ́ náà, ní 2022, wọ́n kéde pé ilẹ̀ tó lé ní 1,000 éékà, níbi tí odò tó ń ṣàn sínú adágún náà ti ń sun, yóò padà sọ́wọ́ wọn. Ó padà sọ́wọ́ wọn lóòótọ́.

Mo mọ ohun tẹ́ ẹ máa sọ. Onondaga kéré, ọ̀sà wa tóbi. Onondaga ní ilé iṣẹ́ olówó kan tí wọ́n lè fi ọrùn rẹ̀ mú, Èkó ní mílíọ̀nù èèyàn tí oníkálukú ń da tirẹ̀. Òtítọ́ ni ní ti mẹ́kúrì. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé ìdajì ìtàn náà: ìgbọ̀nsẹ̀ ìlú Syracuse kò ní ilé iṣẹ́ olówó tó ni ín. Ti gbogbo aráàlú ni, bíi tiwa. Ìjọba ló gba ẹ̀bi rẹ̀ níwájú adájọ́, ó sì ṣe ilé ìfọmi. Ohun tó yàtọ̀ láàárín wa kì í ṣe owó nìkan. Wọ́n ní ìwé kan tí adájọ́ buwọ́ lù, tó ní orúkọ ẹni tó jẹ gbèsè àti ọjọ́ tí yóò san án. Gómìnà lọ, gómìnà dé, ìwé yẹn wà níbẹ̀.

Èmi náà sì ń bẹ̀rù ohun kan. Ní ilẹ̀ yìí, tí ìjọba bá ti ní òun fẹ́ tún etí omi ṣe, àwọn tálákà etí omi ló máa ń kọ́kọ́ gbá. Ní oṣù keje ọdún 2012, wákàtí 72 ni wọ́n fún àwọn ará Makoko láti kó ẹrù wọn. Ní Otodo Gbame, láti ìparí 2016 wọ 2017, èèyàn tó lé ní 30,000 ni wọ́n lé sórí omi, bẹ́ẹ̀ kóòtù ti ní kí wọ́n dúró ná. Ní oṣù kẹfà ọdún 2017, ilé ẹjọ́ gíga Èkó ní ohun tí wọ́n ṣe fún wọn tàpá sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Ẹ̀gùn tó ń fi àwọ̀n wá oúnjẹ òòjọ́ kọ́ ló da ọ̀sà rú jù. Òótọ́ ni pé ilé wọn náà kò ní ibi tí ìgbọ̀nsẹ̀ ń gbà lọ ju inú omi lọ. Ṣùgbọ́n ibo ni ọkọ̀ tó fa ti ilé ńláńlá ní Ìkòyí ń tú u sí? Ẹni tó gbé létí omi ni omi ń kọ́kọ́ ba nǹkan jẹ́ fún, òun ló sì yẹ kó jẹ́ olùpẹ̀jọ́.

Ó sì lè jẹ́ olùpẹ̀jọ́. Apá yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀. Tẹ́lẹ̀, bí ẹ bá lọ sí kóòtù nítorí omi tó bàjẹ́, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa bi yín ni pé: kí ló kàn yín? Ẹ fi hàn pé ìyà tó jẹ yín ju ti ẹlòmíràn lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ máa lọ sílé. Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ló kú sẹ́nu ọ̀nà yẹn. Ní 2018, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ gbọ́ ẹjọ́ láàárín Centre for Oil Pollution Watch àti NNPC, lórí epo tó dà sínú àwọn odò ìlú Acha ní ìpínlẹ̀ Abia. Àwọn adájọ́ ní ẹgbẹ́ tó ń jà fún àyíká lè pẹjọ́ lórúkọ gbogbo èèyàn, kò dìgbà tí epo bá kan ilé wọn. Wọ́n mẹ́nu ba abala 20, wọ́n mẹ́nu ba abala 33 tó dá lórí ẹ̀tọ́ sí ìwàláàyè, wọ́n tún mẹ́nu ba àdéhùn ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ilẹ̀ Áfíríkà tí a ti sọ di òfin wa láti 1983, èyí tí abala 24 rẹ̀ ní gbogbo èèyàn ló lẹ́tọ̀ọ́ sí àyíká tó dára. Ilẹ̀kùn tí abala 6 tì, wọ́n ṣí fèrèsé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹnì kan gbé gba inú fèrèsé náà kò díjú. Kí kóòtù pàṣẹ ọjọ́ tí ìgbọ̀nsẹ̀ tí wọn kò fọ̀ kò ní wọ ọ̀sà mọ́ ní Ìdó, kí ó sì dárúkọ àjọ kan ṣoṣo, ìbáà ṣe ti Àbújá ìbáà ṣe ti Alausa, tí yóò máa wá jíhìn fún adájọ́ lóṣù mẹ́fà mẹ́fà. Kí wọ́n máa wọn ọ́síjìn omi ní Okobaba, ní Ìdó, ní ẹnu odò Ìyá Aláró, kí wọ́n sì máa gbé e jáde fún gbogbo ayé. Àwọn onímọ̀ tó lè ṣe é kò jìnnà: Yunifásítì Èkó ní Akoka, etí ọ̀sà ló wà, àjọ ìwádìí òkun tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1975 sì wà ní Victoria Island. Owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwọn tó ń fa yanrìn, kí apá kan rẹ̀ padà sínú omi tí wọ́n ti fa yanrìn náà, láti fi gbin igi ẹ̀gbà. Lẹ́yìn ìyẹn la tó lè máa sọ̀rọ̀ ẹrẹ̀ tó wà nísàlẹ̀. Ẹ̀rọ tí Onondaga lò láti fi fa ẹrẹ̀ jáde, lẹ́yìn tí wọ́n ti sé ọ̀pọ̀ ohun tó ń wọlé ni wọ́n tó gbé e wá.

Èmi kì í ṣe lọ́yà tó ń wọ gáùnù lójoojúmọ́, kíkọ ni iṣẹ́ mi. Ṣùgbọ́n mo lè ṣe ìwádìí, mo lè jókòó kọ ìwé ìpẹ̀jọ́ títí tí lọ́yà tó máa buwọ́ lù ú yóò fi dé. Bí ẹgbẹ́ apẹja kan bá wà ní Makoko, ní Ìkòròdú tàbí ní Ẹ̀pẹ́ tó fẹ́ dán an wò, kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ìròyìn yìí. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìwé jọ. Mo tún ń wá àwọn bàbá àti ìyá tó ti ń pẹja lórí ọ̀sà ṣáájú 1990, kí wọ́n wá sọ iye àti irú ẹja tí àwọ̀n wọn ń kó nígbà náà, torí adájọ́ máa béèrè.